Àkísà Tó Wà Nínú Ihò Páìpù Sítóòfù Rẹ

Àjílété,
Ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Mosúnmọ́lá, Àníkẹ́ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ fún sítóòfù jẹ́ ₦60,000. Bí mo ṣe ná an nìyí:

Sítóòfù fúnra rẹ̀, lọ́wọ́ wẹ́dà ní Ìlaròó: ₦38,000
Páìpù èéfín: ₦6,500
Sìmẹ́ńtì àti amọ̀ tí wọ́n fi mọ ìdí rẹ̀: ₦1,800
Ọkọ̀ tó gbé e láti Ìlaròó dé Ayétòrò: ₦3,000
Ọ̀kadà láti gáréèjì dé ilé rẹ: ₦700
Àpapọ̀: ₦50,000. Ó ku ₦10,000.

Nínú èyí tó kù, mo ra fìlà páìpù lọ́sàn-án òní, ₦2,200. Mo fún bàbá rẹ ní owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ₦3,400. Ó wá ku ₦4,400, òun ló wà nínú ọ̀rá tí bàbá rẹ mú dání. Kà á níwájú wọn. Wọ́n mọ̀ pé mo kọ ọ́ síbí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Kí o tó ka ìlà tó tẹ̀ lé èyí, dìde. Gbé ẹní Ìfẹ́olúwa kúrò nínú ilé ìdáná. Wò ó bóyá fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí. Jẹ́ kí bàbá rẹ yọ àkísà tí ẹ fi dí ihò páìpù. Mo ti sọ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ mu omi nílé rẹ kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí ẹ bá ṣe é tán, padà wá jókòó, kí o máa kà á lọ.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìdí méjì ni. Fóònù ń jẹ owó ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, o kì í sì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí lórí rẹ̀. Ìwé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. O tún lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Nígbà tí o pè mí láàárọ̀ yìí, sítóòfù lo kọ́kọ́ bú. O ní ó ń jẹ igi bí ewúrẹ́ tó já wọ oko ẹ̀gẹ́, pé èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú, pé ẹni tó ń ra irin àlòkù ti fi ₦9,000 lọ̀ ọ́. Mo kàn ń gbọ́, mo ń rẹ́rìn-ín, torí bí èmi náà ṣe máa ń bú agbada gààrí mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n o wá ní ẹ ti rí ojútùú rẹ̀. O ní páìpù ń jo omi òjò sínú iná, bàbá Ìfẹ́ ti yọ ọ́ kúrò, ó sì ti fi táwẹ́lì àlòkù dí ihò tó kù lára ògiri. O ní ẹ ti fi ọ̀rá bo fèrèsé nítorí òjò. O ní èédú nìkan ni ẹ ń lò báyìí torí kì í ṣe èéfín, àti pé ibẹ̀ móoru tó bẹ́ẹ̀ tí o fi ń tẹ́ ẹní ọmọ síbẹ̀ ní ọ̀sán.

Mo dìde dúró. Mo ní, "Mosún, ṣí fèrèsé yẹn nísinsin yìí."

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Màmá, kò sí èéfín kankan ńbẹ̀ o. Ẹ wá fi imú yín gbọ́ ọ."

Káàdì sì tán. Mo sáré ra òmíràn, mo pè padà, ọkọ rẹ ló gbé e. Mo dúró lórí ìlà títí tí ó fi fa ọ̀rá náà ya, tí mo sì gbọ́ bí fèrèsé ṣe ń dún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí àkísà ihò ògiri, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, a máa yọ ọ́." Mo mọ "a máa ṣe é" àwọn ọkùnrin. Bàbá rẹ ti ń bá wa ṣe òrùlé ilé ìwẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Bí òjò bá sì tún rọ̀, ọwọ́ tó ṣí fèrèsé náà ni yóò pa á dé, àyàfi bí ó bá mọ ìdí tí kò fi gbọdọ̀ pa á dé. Ìdí yẹn ni mo ń kọ.

Ẹ̀bi mi ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo lọ gbé sítóòfù, wẹ́dà bi mí pé, "Ìyá, ẹ ò ní ra fìlà páìpù rẹ̀? Òjò á máa wọ̀ ọ́ o."

Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé páìpù ń lọ síbi ìgbéyàwó?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, èmi náà gbà pé mo gbọ́n, mo sì kó ₦2,200 mi padà sínú àpò. Nítorí ₦2,200 yẹn ni omi ṣe ń jo sínú iná rẹ, nítorí omi ni ẹ ṣe yọ páìpù. Nígbà tí mo padà lọ rà á lọ́sàn-án yìí, wẹ́dà gbé e fún mi. Ó kàn wò mí. Bàbá rẹ ni yóò bá ọ dá páìpù padà sí ààyè rẹ̀, tí yóò sì dé fìlà náà sórí rẹ̀. Ìṣó mẹ́ta péré ló gbà.

Nísinsin yìí, èéfín. Ṣé o rí i, èéfín ló lé ọ lọ sídìí èédú, òjò ló mú ọ ti fèrèsé. Fìlà ti yanjú òjò. Bí mo bá kọ́ ọ bí igi yóò ṣe máa jó láìṣe èéfín, kò ní sí ohun tí yóò mú ọ ti ibì kan pa mọ́. Mo ti ń dín gààrí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n nídìí iná, mo ti gba digírì.

Èkínní, igi tútù. Ìwọ lo sọ pé lọ́wọ́ àwọn tó ń gé oko tíìkì lẹ́yìn ilé ìwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ ni o ti ra igi, pé ó dínwó. Èmi náà ti rà á rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ní agbada gààrí tèmi, ọkùnrin kan gbé igi wá láti Ifọ́nyìntẹ̀dó, ẹ̀kún píkọ́ọ̀pù kan ní ₦500, nígbà tí àwọn yòókù ń tà á ní ₦800. Mo rà á lójú ẹsẹ̀. Mo ń fi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn kò mọ ìṣirò. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni. Bí mo bá ti kì í bọ iná, omi á máa hó yọ ní ìdí kejì rẹ̀ bí ìfófò ọṣẹ. Ẹ̀kún ọkọ̀ igi gbígbẹ máa ń tó mi í lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èyí tán ní ọ̀sẹ̀ méjì. ₦500 lọ́nà méjì, ₦1,000. Mo fi ₦200 ṣòfò lóṣù kan nítorí pé mo fẹ́ jèrè ₦300. Iná tó yẹ kó máa dín gààrí ló ń ṣiṣẹ́ gbígbẹ omi inú igi. Ojú mi pọ́n, omi ń dà lójú mi láàárọ̀ àti lálẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá kan tó ń kọjá lọ fi dúró kí mi kú ará-fẹ́-ra-kù.

Nítorí náà, ra igi rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé kò tíì yá. Là á kí o tó tò ó, torí igi tí a kò là, èèpo rẹ̀ ń di omi mọ́ inú. Tò ó sórí bíríkì kó má fara kan ilẹ̀, fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ nìkan ni kí o fi páànù bò; má fi ọ̀rá wé e yíká bí ẹni tó di ẹrù ìyàwó, yóò kàn máa làágùn ni. Láti mọ igi tó gbẹ, mú méjì, gbá wọn pọ̀. Èyí tó gbẹ á dún gbangba. Èyí tó tutù á dún bí ìgbà tí a fi ọwọ́ gbá iṣu. Wo orí rẹ̀ pẹ̀lú, bó bá ti sán wẹ́wẹ́, ó ti yá. Tíìkì tí o rà yẹn, má dà á nù. Là á, tò ó, gbàgbé rẹ̀ di oṣù kẹfà sí àsìkò yìí. Owó rẹ kò tíì ṣègbé.

Èkejì, má ki igi pọ̀. Ìyá Àgbà tó kọ́ mi ní gààrí dídín kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹnu wọn mú. Ọjọ́ kan mo fẹ́ kí iná yára, mo ki igi ńláńlá mẹ́fà bọ ìdí agbada títí tí ẹnu ààrò fi kún dí. Iná náà kú, èéfín rú bo gbogbo wa. Ìyá Àgbà fi ìpéèrè tí wọ́n fi ń dín gààrí lé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé iná lo fẹ́ dá ni, àbí igi lo fẹ́ sin?" Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń pè mí ní Ìyá Sìnkúsìnkú, ó sì tó ọdún méjì kí wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹnu sítóòfù rẹ kò ju ìbú àwo ọbẹ̀ lọ. Igi tó tó ọrùn ọwọ́ rẹ ni kí o máa lò, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kí àyè wà láàárín wọn tí ọwọ́ iná yóò gbà. Fi ihá bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ṣákáṣàka tó kù lára ẹyìn lẹ́yìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán. Ó ṣì ní epo díẹ̀ lára, ó máa ń gbaná kíá. Mo fi àpò kan ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni mo gbà á. Bí iná bá ti mú dáadáa, máa fi igi kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná kékeré tó mọ́lẹ̀ yòò sàn ju iná ńlá tó ń kùn lọ. Wo ẹnu páìpù níta: bí o kò bá rí nǹkan kan tó ń jáde níbẹ̀ ju pé ojú ọ̀run ń gbọ̀n díẹ̀, o ń dáná dáadáa. Bí ó bá dúdú, owó rẹ ló ń fò lọ yẹn.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì, torí òun ni kò yé ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú sítóòfù yìí. Kì í ṣe bákan náà ni igi àti èédú ṣe ń jẹun. Igi fẹ́ràn eérú, èédú kò fẹ́ ẹ rárá.

Bí o bá fẹ́ lo igi, má gbá gbogbo eérú kúrò. Fi èyí tó nípọn tó ìka kan sílẹ̀ lórí irin oníhò tó wà nísàlẹ̀. Eérú yẹn ló ń pa ooru mọ́ sábẹ́ igi, tí ẹyín iná kò fi ní máa jábọ́ ṣòfò. Ilẹ̀kùn kékeré méjì ló wà lára sítóòfù náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí o bá ń tan iná, ṣí méjèèjì. Tí igi bá ti mú, ti ti ìsàlẹ̀, jẹ́ kí ti òkè máa mí. Bí o bá ṣí ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún igi, á jó bùlàbùlà, á tán, ooru á gba páìpù lọ, ìwọ á wá ní ó ń jẹ igi bí ewúrẹ́.

Bí o bá fẹ́ lo èédú tàbí èèpo ẹ̀kùrọ́, yí gbogbo rẹ̀ padà. Gbọn eérú kúrò títí tí o fi rí gbogbo ojú ihò irin náà, torí ìsàlẹ̀ ni èédú ti ń mí. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ni kí o ṣí, kí o ti ti òkè. Èèpo ẹ̀kùrọ́ máa ń gbóná gan-an. Ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, má dà á bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Má sì dà á lu igi. O ní o ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Báwo ni kò ṣe ní kú? Ọ̀kan fẹ́ mí lókè, èkejì fẹ́ mí nísàlẹ̀, ìwọ kò mọ èyí tí o máa ṣílẹ̀kùn fún.

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́yìn mi. Wọ́n bèèrè bóyá ìwé òfin ni mo ń kọ. Mo ní kí wọ́n lọ wá ìṣó mẹ́ta tí wọ́n máa mú dání lọ́la.

Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún jọ wọnú ara wọn. Má ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ igi kí iná lè pẹ́ di ọjọ́ kejì. Kò ní jó, kò ní kú, á kàn máa rú èéfín nínú, èéfín náà á lẹ̀ mọ́ inú páìpù bí ọ̀dà. Oṣooṣù ni kí bàbá Ìfẹ́ máa fi igi kan páìpù náà, kó sì fi ìgbálẹ̀ tó so mọ́ ọ̀pá gbá inú rẹ̀. Bí a bá sì fún ọ ní igi lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́kọ́ bèèrè ibi tó ti wá. Nígbà tí bàbá rẹ ń tẹ̀lé ọkọ̀ ẹrù lọ sí ẹnubodè, wọ́n máa ń kó pákó àpótí tó fọ́ wá sílé, pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò rin. Mo dúpẹ́ gan-an. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi pé igi oṣù yẹn jẹ́ ₦0. Ọbẹ̀ ń rùn bí ilé ìtajà oògùn, àbúrò rẹ ọkùnrin wú ikọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì san ₦650 fún oògùn ikọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Pákó tí a kùn, páálí tó ní ọ̀rá lára, ike, ọ̀rá omi, kò sí èyí tó gbọdọ̀ wọ inú sítóòfù yẹn.

Àwọn kékeré tó kù: rẹ ẹ̀wà mọ́jú kí o tó sè é, yóò dín igi kù ní ìdajì. Dé ìkòkò. Lẹ́yìn tí ọbẹ̀ bá jinná, má pa ẹyín iná, gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kà á. Kùkù àgbàdo gbígbẹ dára fún ẹ̀kọ àárọ̀, kò ní jẹ́ kí o máa tan igi nítorí ìkòkò kan. Eérú, kó o sídìí ilá. Mo ti ṣírò rẹ̀: bí o bá ń ṣe báyìí, ẹrù igi gbígbẹ kan yóò máa tó ọ fún oṣù kan, ìyókù owó oúnjẹ rẹ yóò wà lọ́wọ́ rẹ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí o rí ní ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwé yẹn, inú mi sì dùn sí ilé náà. Ọjọ́ tí mo wá, tí mo rí orúkọ rẹ lára tábìlì, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Mo padà dé Àjílété kí n tó fò sókè.

Ó wá ku fèrèsé.

Mo fẹ́ sọ nǹkan tí n kò sọ fún ọ rí. O jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta. Yàrá kan ni a ń gbé ní Ìdí-Ìrókò, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé onípákó kan. Bàbá rẹ ti bá ọkọ̀ lọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, atẹ́gùn ń gbá a wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ti ń fi èédú se ẹ̀wà. Mo dúró títí tí èéfín fi tán lórí èédú náà, tí gbogbo rẹ̀ fi pọ́n bí ojú àkùkọ. Mo rò pé mo ti ṣe é bí ọlọ́gbọ́n. Mo wá gbé e wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ti fèrèsé, mo ká ìró kan, mo fi dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí omi má baà wọlé. Ìwọ wà lórí ẹní, o ń tapá. Ilé móoru. Mo rántí pé inú mi dùn.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, mo rò pé ebi ni. Ẹsẹ̀ mi wúwo, mo rò pé àárẹ̀ ìkúnlẹ̀ ni. Mo jókòó kí n sinmi díẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná.

Ní yàrá kejì, obìnrin kan wà tó ń rán aṣọ, ará Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ẹnubodè ni, Ìyá Kòkú là ń pè é. Ìṣáná rẹ̀ ti rin nínú òjò. Ó mú àpáàdì, ó wá bu iná lọ́dọ̀ mi bí a ṣe máa ń ṣe láàárín ara wa. Òun ló sọ ìyókù fún mi. Ó kanlẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn. Ó mọ̀ mí ní ahun, ó ní, "Ìyá Mosún, ṣé o ṣì ń ka èédú méjèèjì yẹn ni?" Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi etí lé ilẹ̀kùn. Ìwọ tí o máa ń sunkún láti àárọ̀ dalẹ́, tí ó máa ń fi ọ́ ṣe ẹ̀sín pé o fẹ́ di oníwàásù, o dákẹ́. Ó ju àpáàdì nù, ó lọ gbé ọmọ odó rẹ̀ wá, ó fọ́ fèrèsé, ó gba ibẹ̀ wọlé.

Ìwọ ló kọ́kọ́ gbé jáde. Lẹ́yìn náà ló fi apá méjèèjì wọ́ mi. Nígbà tí mo lajú, ẹ̀yìn mi wà nínú ẹrẹ̀, òjò ń rọ̀ sí mi lójú, mo sì rí i tó gbé ọ dorí kodò, tó ń gbá ọ nídìí, tó ń gbá ọ nídìí, kò sì sí ohùn. N kò lè gbé ọwọ́. N kò lè pe orúkọ rẹ. Mo kàn ń wò. Ó pẹ́, Àníkẹ́. Ó pẹ́ kí o tó sín. Lẹ́yìn náà ni o wá sunkún, Ìyá Kòkú sì jókòó sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú rẹ lórí itan, òun náà ń sunkún.

Lẹ́yìn tí ó nu ojú tán, ó ní, "Iná ni mo wá bù. Ilé tí iná bá wà, tí ọmọ kò sunkún, mi ò fọkàn tán an."

Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé fún wa nígbà tó yá. Èédú tó pọ́n ṣì ń ṣe èéfín. Èyí tí ojú kì í rí ni, tí imú kì í gbọ́. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ló ń gbà wọlé, ó sì ń lé atẹ́gùn kúrò níbẹ̀. Kì í dunni. Oorun ló ń kùn ni. Ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, nígbà tí o ní kí n wá fi imú mi gbọ́ ọ, ohun tó ba mí lẹ́rù jù nìyẹn.

Onílé dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bèèrè ẹni tó fọ́ fèrèsé òun. Ìyá Kòkú ní, "Èmi ni." Onílé ṣírò rẹ̀ lójú wa: pákó ₦250, ìdè irin ₦80, iṣẹ́ káfíńtà ₦120. Ó fẹ́ gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. ₦110 ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Kòkú lọ tú owó aṣọ rírán rẹ̀, ó kà á fún un pé. Ó ní kí n san án fún òun nígbà tí orí mi bá wálẹ̀.

Mo gbé ọ wá sọ́dọ̀ ìyá mi ní Àjílété, mo lo oṣù méjì. Nígbà tí mo padà, mo so owó náà mọ́ etí ìró mi, kò lé, kò dín. Àwọn mìíràn ló wà nínú yàrá rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ti kó wọn padà sí ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ní gbogbo ọdún tí bàbá rẹ fi tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń sọdá ẹnubodè. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ sínú gbogbo ìwé ìṣirò tí mo ti lò láti ìgbà náà, bí ọ̀kan bá kún, mo tún un kọ sójú ìwé àkọ́kọ́ ti òmíràn.

Ṣí fèrèsé rẹ, ọmọ mi. Bí òjò bá wọlé, fi àkísà nù ún.

Èmi ni, ìyá rẹ.

Gbèsè tó wà lọ́rùn mi: ti Ìyá Kòkú, fèrèsé kan, ₦450. N kò tíì san án.